Sísùn nínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ: oṣù kẹjọ ló dáa ni, àbí ìgbà ọyẹ́?

Ìyá_Àdùkẹ́ (Ìṣọlọ̀), Ọjọ́ Ajé, alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún mi: àgbà jẹ́ ọmọ ọdún 11, èyí àárín jẹ́ 8, àbíkẹ́yìn ò tíì pé 4. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Kánádà. Bí ooru bá dé lọ́hùn-ún, wọ́n á kó àgọ́ sínú ọkọ̀, ó di etí adágún omi. Bí yìnyín bá tún bo ilẹ̀, wọ́n á tún lọ, tọmọdé tàgbà. Wọ́n á wá kó fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp ẹbí, àwọn ọmọ mi ò sì ní jẹ́ kí n gbádùn. Ojoojúmọ́ ni, "Mọ́mì, àwa ńkọ́?"

Mo ní ká ṣe tiwa náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọ̀kan ní họ́lídè gígùn, inú oṣù kẹjọ tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, ká lọ sùn ní etíkun Tarkwa Bay. Ọ̀kan lẹ́yìn Kérésì, nínú ọyẹ́, nínú igbó gidi tí wọ́n á ti jí gbọ́ ohùn ẹyẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé èyí àárín ní ikọ́ fée. Kò le, ṣùgbọ́n inhaler kì í jìnnà sí i. Èmi fúnra mi ò sùn nínú àgọ́ rí, àfi bí ẹ bá ka ìta ilé ìjọsìn lálẹ́ àìsùn mọ́ ọn.

Bàbá wọn ní, "Mo rẹ́ǹtì ilé fún yín, ẹ ò fẹ́ sùn níbẹ̀, ẹ fẹ́ lọ máa bá ejò gbé." Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó, Ọjọ́ Ajé, alẹ́

Ẹ bá mi kí Bàbá Àdùkẹ́, ẹ̀yìn wọn ni mo wà gbágbáágbá. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ ní Ìṣọlọ̀, kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wá nínú igbó? Ẹ̀fọn wà, ooru wà, ohùn ẹranko wà (jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò) 😂

Bàbá_Skáòtù (Ẹ̀bùté-Mẹ́ta), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àárọ̀

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ má dá aláwàdà lóhùn. Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ti pẹ́ nílẹ̀ yìí. Boys' Brigade ti wà l'Ékòó láti 1908, Skáòtù wọ Nàìjíríà ní 1915. Àwa tí a wọ ṣòkòtò kákí péńpé lọ́mọdé, ibi àgọ́ la ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìrẹsì lórí òkúta mẹ́ta láìjẹ́ kó jóná.

Ẹ má ti ibi tó jìnnà bẹ̀rẹ̀. Ẹ pàgọ́ sínú ọgbà ilé yín, tàbí sórí ilẹ̀ mọ̀lẹ́bí kan tó mọ ọgbà yí i ká, kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀ mọ́jú. Ọmọ tí kò tíì pé 4 á jí láago méjì òru, á ní òun fẹ́ tọ̀, á ní nǹkan kan ń wo òun. Ó sàn kí ìyẹn ṣẹlẹ̀ níbi tí ilẹ̀kùn ilé wà nítòsí. Ẹ jẹ́ kí àgbà fọwọ́ ara rẹ̀ kan èèkàn. Kí olúkúlùkù ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó ń bu omi, ẹni tó ń ṣọ́ tọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń ka bàtà kí wọ́n tó sùn. Ọmọ tí kò bá ní iṣẹ́ níbi àgọ́, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Ẹ wá ilẹ̀ tó ga díẹ̀. Bó ti wù kí ibì kan gbẹ tó lójú, bí koríko ibẹ̀ bá sùn sí apá kan ṣoṣo, omi ti gba ibẹ̀ kọjá rí. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yí àgọ́ ká, kó jìn tó ìka mẹ́rin. Ẹ ra tápólì tó fẹ̀ dáadáa, kó yọ síta ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí àwọn ọmọ má baà máa kó ẹrẹ̀ wọlé.

Oṣù kẹjọ ni kẹ́ ẹ mú. Ọyẹ́ ò dáa fún ọmọ kékeré.

Ayọ̀_ti_Calgary_dé (Yábàá), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ti ọgbà ilé yẹn, mo fara mọ́ ọn. Ẹ má bínú, tápólì ni mo fẹ́ bá yín jiyàn lé. Bó bá yọ síta, òjò tó bá ń ṣàn lára àgọ́ á dà sórí ibi tó yọ yẹn, á wá gba abẹ́ yín wọlé, inú omi lẹ máa sùn. Ó gbọ́dọ̀ kéré díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ àgọ́ lọ, tàbí kẹ́ ẹ ká etí rẹ̀ mọ́ abẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ibi ìnusẹ̀, ẹ tẹ́ ẹní kékeré sẹ́nu ọ̀nà. Gọ́tà gbígbẹ́ náà, àwọn tó ń pàgọ́ lóde òní ti ń fi í sílẹ̀, torí ojú ibẹ̀ ni ọ̀gbàrá máa ń gbà lẹ́yìn tí ẹ bá ti lọ.

Èmi àti ìyàwó mi gbé ní Calgary ní Kánádà kí a tó padà sílé, a sì máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí Banff, ọgbà igbó orí òkè kan lọ́hùn-ún, nígbà ooru àti nígbà òtútù. Òtútù ibẹ̀ lóru lè wá sílẹ̀ dé −20°C. Ìyẹn ò kan Èkó, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kàn wá. Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ ń fa ooru ara gan-an. Bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta lókè ò ṣe nǹkan kan bí kò bá sí ohun gidi lábẹ́, torí èyí tí ẹ bá sùn lé, ara yín á ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó ń múni móoru á ti jáde. Fóòmù pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń tẹ́ lọ́hùn-ún, nígbà mìíràn wọ́n á tẹ́ méjì léra. Níbí, lálẹ́ ọyẹ́, ẹní kan àti fóòmù tínrín kan ti tó, kí wọ́n sì fi aṣọ ìbora bora. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà yín ní àpò ìsùn tí wọ́n ṣe fún yìnyín. Òógùn ló máa pa àwọn ọmọ yẹn. Ìwọ̀n 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òru Èkó sábà máa ń jẹ́, àní nínú ọyẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ òtútù gidi lórílẹ̀-èdè yìí, ẹ gun Òkè Obudu lọ, ibẹ̀ ga tó mítà 1,576 sí ojú òkun.

Nǹkan mìíràn ni aṣọ. Aṣọ òwú tó bá ti rin kì í tètè gbẹ, á sì máa fa ooru kúrò lára. Lọ́hùn-ún, aṣọ irun àgùntàn là ń wọ̀ mọ́ra. Níbí, ẹ kàn rí i pé aṣọ tí wọ́n máa fi sùn yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ṣeré, ẹ fi sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ dì, kí òjò má rí i. A tún máa ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ le, a ó fi ìbọ̀sẹ̀ wọ̀ ọ́, a ó gbé e sídìí ẹsẹ̀ ọmọ. Ìyá mi ní Yábàá gbọ́, ó ní, "Ṣé ohun tẹ́ ẹ lọ kọ́ nílùú òyìnbó nìyẹn?"

Ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ènìyàn márùn-ún tó ń mí nínú àgọ́ tí wọ́n tì pinpin, omi ni á máa kán sí wọn lórí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní Banff, èémí yẹn máa ń di yìnyín sára àgọ́ nínú. L'Ékòó, bùláńkẹ́ẹ̀tì ló máa rin. Ẹ ṣí ihò òkè sílẹ̀, kí nẹ́ẹ̀tì bò ó.

Èyí tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré nìyí: bó ti wù kí òtútù mú yín tó, ẹ má gbé èédú tàbí kámpù gáàsì wọ inú àgọ́. Carbon monoxide ò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Àwa ará Èkó mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí kọ́rídọ̀, tí odindi ìdílé ò fi jí. Ní ilẹ̀ yìnyín, ewu rẹ̀ tún pọ̀ sí i, torí yìnyín á ti dí ihò afẹ́fẹ́ níta.

Bàbá_Skáòtù (Ẹ̀bùté-Mẹ́ta), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sán

Ayọ̀, mo gba ti tápólì. Mi ò gba ti gọ́tà. Òjò Kánádà kọ́ ló ń rọ̀ l'Ékòó.

Ọmọ_Olómi (Àpápá), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Tarkwa Bay nínú oṣù kẹjọ? Ìyá Àdùkẹ́, ẹ dúró ná. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ òjò, ẹnì kan ò sọ̀rọ̀ òkun.

Òótọ́ ni pé oṣù kẹfà ni òjò Èkó máa ń rọ̀ jù, tó máa ń dẹwọ́ nínú oṣù kẹjọ, kó tó tún padà ní ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Ṣùgbọ́n òkun ò bá òjò ṣe àdéhùn kankan. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án ni ìgbì máa ń tóbi jù létí òkun wa. Ìgbà yẹn gan-an ni òtútù ń mú ní gúúsù ayé, ìjì tó ń jà lórí Àtìláńtíìkì lápá ibẹ̀ ló ń ti ìgbì náà títí tó fi dé ọ̀dọ̀ wa. Oòrùn lè máa ràn l'Ékòó, kí ewé má mì, kí òkun sì máa ké ramúramù. Inú oṣù kẹjọ ọdún 2012 ni omi òkun ya wọ etíkun Kuramo l'Ékòó níbí, ẹ̀mí sì bá a lọ. Àwọn tó rántí ò ní sùn sétí agbami nínú oṣù yẹn.

Tarkwa fúnra rẹ̀ rọ̀ ju àwọn etíkun tó kù lọ, torí ẹ̀yìn òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ òkun ló wà. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kó ọmọ wẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jìnnà sí Lighthouse Beach lápá ìwọ̀-oòrùn, ibẹ̀ sì dojú kọ agbami tààrà. Ọmọ tó ń lé bọ́ọ̀lù ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Bí ẹ bá fi dandan lé e, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èrò dé ibẹ̀. Ẹ lọ láàárọ̀. Life jacket ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà, ti àgbà á kàn bọ́ gba orí ọmọ jáde ni, nítorí náà ẹ má wọ ọkọ̀ tí kò bá ní ìwọ̀n tọmọ yín. Ẹ wo ibi tí igi gbígbẹ àti pàǹtí tò sí lórí yanrìn: ibẹ̀ ni omi dé gbẹ̀yìn. Òkè rẹ̀ dáadáa ni kẹ́ ẹ pàgọ́ sí. Owó àwọn ọmọ àdúgbò, ẹ dúnàá-dúrà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kan èèkàn kan, torí tí àgọ́ bá ti dúró tán, iye owó á yí padà.

Èmi ò ní gbé ọmọ tó ní ikọ́ fée lọ sùn níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò o. Ẹ lọ lójúmọmọ nínú oṣù kejìlá, kẹ́ ẹ padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ayọ̀_ti_Calgary_dé (Yábàá), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, alẹ́

Àfikún sí ti yanrìn: èèkàn lásán kì í di yanrìn mú. Ohun tí a máa ń ṣe nínú yìnyín bá yanrìn mu. Ẹ kún ọ̀rá fún yanrìn, ẹ so okùn àgọ́ mọ́ ọn, ẹ bò ó mọ́lẹ̀ nínú kòtò tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́. Atẹ́gùn òkun ò ní lè fà á tu.

Ìyá_Ìbejì (Ìkòròdú), Ọjọ́rú, àárọ̀

Àwa máa ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀ wa lọ́nà Ìmọ́tà ni a máa ń sùn sí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Òjò Èkó pẹ̀lú ọmọ nínú àgọ́, ẹ má dán an wò, bó ti wù kí wọ́n sọ pé oṣù kẹjọ gbẹ tó. Tí àgọ́ bá rin, ibo lẹ máa sá a sí ní Ìṣọlọ̀?

Oúnjẹ: ẹ sè é kúrò nílé, ẹ má lọ máa gún iyán nínú igbó. Ata díndín tí omi rẹ̀ ti gbẹ tán, tí òróró bò, ló máa ń pẹ́. Mọ́ínmọ́ín àti ìrẹsì sísè, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e lọ náà ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ tán, ẹ má fún ọmọ ní ìrẹsì tó sùn níta. Gààrí, ẹ̀pà, kúlíkúlì, ìpékeré, búrẹ́dì, ẹja yíyan. Indomie fún àárọ̀, kò sí ọmọ tó máa bá yín jà. Omi: ẹ ra píọ̀ wọ́tà lápò, ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí ọwọ́ ni wọ́n máa fi ìlàjì rẹ̀ fọ̀.

Ilé ìgbẹ́: àbíkẹ́yìn yín, ẹ gbé pòó rẹ̀ dání. Àwọn tó dàgbà, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, kó jìnnà sí omi àti ibi tẹ́ ẹ ti ń dáná, kẹ́ ẹ sì bò ó.

Aṣọ ìnura àti aṣọ wíwọ̀, ẹ má sá a sórí koríko. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tó bá tutù, ìdin rẹ̀ á wá wọ awọ ara bí eéwo. Orí okùn nínú oòrùn ni kẹ́ ẹ sá a sí, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́ tẹ́ ẹ bá délé.

Fún ejò, iyọ̀ la máa ń da yí àgọ́ ká.

Dọlápọ̀_Àjà, Ọjọ́rú, ọ̀sán

Ẹ ò ronú Igbó Omo? Ìpínlẹ̀ Ògùn ni, ó fẹ̀ tó nǹkan bí 130,000 hẹ́kítà, UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì láti 1977. Erin gidi ń bẹ nínú rẹ̀! Àwọn ọmọ yẹn ò ní gbàgbé.

Ọmọ_Ọdẹ (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Dọlápọ̀, erin gidi yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́ta sùn níbẹ̀. Erin tó bá ń lọ sí oko ẹni lóru ò ní bi àgọ́ léèrè ọ̀nà. Kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kàn ń wọ̀, àṣẹ lẹ ó gbà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ló sì máa mú yín kiri. Ká tún fi ti ajínigbé kún un. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ayé tí bàbá mi ti ń fi òru mọ́jú nínú igbó kọ́ la wà yìí. Ilẹ̀ tí ẹ bá mọ olówó rẹ̀, tó ní ọgbà, tó ní mẹ́gáàdì, tí aládùúgbò máa gbọ́ bí ẹ bá ké, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sùn. Tó bá jẹ́ abúlé, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àṣà lásán, òun ló máa sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé àlejò òun ni yín.

Ìyá Ìbejì, ẹ fi iyọ̀ yín se ọbẹ̀. Ejò á gba orí iyọ̀ kọjá bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Eku ni ejò ń wá, oúnjẹ tẹ́ ẹ dà sílẹ̀ sì ni eku ń wá. Ẹ kó èérún búrẹ́dì kúrò, kí oúnjẹ kankan má sùn nínú àgọ́, ẹ sì ro koríko àyíká rẹ̀ mọ́lẹ̀. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ènìyàn, ó máa ń dákẹ́ síbi tó wà ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ ìtọ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ tọ̀. Ẹ gbọn bàtà kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láàárọ̀.

Nígbà òjò, ìjàlọ ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù ju ejò lọ. Ẹ fi iná yẹ ilẹ̀ wò yíká kẹ́ ẹ tó sùn. Bí wọ́n bá wọ́ dé lóru, ẹ gbé ọmọ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kọjá, ẹ má bá wọn jà.

Bí ejò bá ṣèèṣì bu ènìyàn jẹ, ẹ wá okùn di òkè ibẹ̀ pinpin, ẹ fi abẹ là á kí oró jáde, kẹ́ ẹ tó máa sáré lọ.

Nọ́ọ̀sì_Àgége, Ọjọ́rú, alẹ́

Ọmọ Ọdẹ, ohun gbogbo tẹ́ ẹ sọ dáa títí dé ìpínrọ̀ yín tó gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará, ẹ má di í pinpin, ẹ má là á, ẹ má fi ẹnu fà á. Oró paramọ́lẹ̀ máa ń ba ẹran ara jẹ́ níbi tó bu jẹ. Tí ẹ bá fi okùn sé e mọ́ ibẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn lè jẹrà kó di gígé. Ojú abẹ náà ò ní dáwọ́ ẹ̀jẹ̀ dúró, torí oró àwọn ejò kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ jẹ́ kó jókòó tàbí kó sùn jẹ́ẹ́, ẹ bọ́ òrùka àti bàtà kí ibẹ̀ tó wú, ẹ fi igi pẹlẹbẹ méjì ti ẹsẹ̀ náà kó má mì, ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn. Ilé ìwòsàn tààrà. Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé rárá, ẹ pe ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ bi wọ́n bóyá oògùn apa-oró-ejò wà nílẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ibi ló ti wà.

Ó wá kan ikọ́ fée. Ìyá Àdùkẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi lọ dókítà rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ, ó tutù lówùúrọ̀, eruku Sàhárà kún inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló máa ń fún ọ̀nà èémí pọ̀. Èéfín igi tún burú fún un jù. Nítorí náà kò gbọ́dọ̀ sí iná igi níbi tí ọmọ yẹn bá wà, ẹ lo kámpù gáàsì níta. Inhaler kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan lọ́wọ́ bàbá wọn, ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò tí oòrùn ń pa. Bó bá lò ó tí èémí ò rọlẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Èyí ni mo fi gbè sẹ́yìn Ọmọ Olómi lórí ọ̀rọ̀ Tarkwa. Ti òjò náà ní tirẹ̀: àgọ́ tí wọ́n ká nígbà tó tutù máa ń bu, òórùn rẹ̀ lásán lè dá ikọ́ sílẹ̀. Ẹ sá a gbẹ kẹ́ ẹ tó ká a.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ SS, òtútù òru àti wíwẹ̀ nínú omi tútù lè dá ìrora eegun sílẹ̀. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀, omi mímu ní gbogbo ìgbà.

Ibà: ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri, ìrọ̀lẹ́ sí ìdájí ló ń jẹ ènìyàn. Kí oòrùn tó wọ̀ ni kẹ́ ẹ ti sípì, ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ sùn. Ibà kì í yọjú lọ́jọ́ kejì, ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Bí ara ọmọ bá gbóná lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dé, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ sùn níta.

Ọmọ_Ọdẹ (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́rú, alẹ́

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ ti abẹ. Ti okùn, àwọn bàbá wa di í, àwọn kan sì yè.

Nọ́ọ̀sì_Àgége, Ọjọ́rú, alẹ́

Wọ́n yè nítorí pé ejò lè bu ènìyàn jẹ láìtu oró sí i lára, tàbí kó jẹ́ ejò tí kò lóró. Èmi ti rí ẹsẹ̀ tí okùn bà jẹ́, ìyẹn ló mú mi sọ̀rọ̀.

Ìyá_Àdùkẹ́ (Ìṣọlọ̀), Ọjọ́bọ̀, àárọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Àdùkẹ́ lánàá. Nígbà tí mo dé orí erin, ó ní òun ti ń fẹ́ràn ìlú yìí sí i.

Mo ti yọ sísùn ní Tarkwa kúrò. Oṣù kẹjọ, a ó pàgọ́ sínú ọgbà àbúrò màmá mi ní Ìkòròdú, ilé wà níbẹ̀ bí òjò bá dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí ti wá rú mi lójú. Ìyá Ìbejì ní ẹ̀ẹ̀rùn nìkan, Nọ́ọ̀sì ní eruku. Ìgbà wo wá ni?

Nọ́ọ̀sì_Àgége, Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán

Ìparí oṣù kọkànlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ìkejìlá. Òjò á ti ká kúrò nílẹ̀, eruku ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ dé. Ẹ mú òpin ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má dúró de Kérésì. Ẹ wo ojú ọ̀run lọ́jọ́ náà: bí ẹ ò bá rí òkèèrè dáadáa nítorí eruku, ẹ sún un síwájú.

Dọlápọ̀_Àjà, Ọjọ́bọ̀, ọ̀sán

Tó bá jẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ẹ kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre lọ́jọ́ kan náà. Hẹ́kítà 78 ni, láti 1990 ló ti wà, ọ̀bọ pọ̀ níbẹ̀. Ojúmọmọ ni wọ́n ń gba àlejò. Afárá òkè igi yẹn gùn tó mítà 401, ó sì máa ń mì. Àgbà àti èyí àárín lè gùn ún bí ẹ̀rù ò bá bà wọ́n, àbíkẹ́yìn, kí ẹnì kan dúró tì í nísàlẹ̀. Ẹ di ọwọ́ mọ́ búrẹ́dì yín, àwọn ọ̀bọ yẹn ò ní ìtìjú.

Bàbá_Skáòtù (Ẹ̀bùté-Mẹ́ta), Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ìkòròdú nínú oṣù kẹjọ, ẹ gbẹ́ gọ́tà o. Bí ààrá bá ń sán, ẹ kúrò lábẹ́ igi, ẹ kúrò nínú àgọ́ pàápàá, ọ̀pá irin ló gbé e dúró. Inú ilé tàbí inú mọ́tò.

Ìyá_Àdùkẹ́ (Ìṣọlọ̀), Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Ó ku àgọ́. Ẹnì kan sọ fún mi pé wọ́n máa ń bá irú rẹ̀ nínú béèlì òkìríkà ní ọjà Katangua. Ẹ̀yin tó ti rà á rí, kí ni kí n máa wò?

Ìyá_Ìbejì (Ìkòròdú), Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ibẹ̀ la ti ra tiwa. Àgọ́ tí wọ́n bá kọ "ènìyàn mẹ́rin" sí, ènìyàn mẹ́ta ló ń gbà, nítorí náà ẹ wá ti mẹ́fà. Ẹ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ níwájú yín. Ẹ ka ọ̀pá rẹ̀, ẹ fa gbogbo sípì lọ bọ̀ (sípì tó bá le, ẹ fi àbẹ́là pa á), ẹ gbé nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sójú oòrùn kẹ́ ẹ wo ihò. Ẹ gbóòórùn inú rẹ̀ nítorí èyí àárín yín. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ nà án ró, kí àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ fi họ́ọ̀sì rọ omi lé e lórí. Wọ́n á sọ ibi tó ń jò fún yín, ẹ ò ní bi wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó, Ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀

Mo wà ní Katangua báyìí, mo wá wo jákẹ́ẹ̀tì. Màmá kan ní aláwọ̀ ewé kan níbí, ti mẹ́fà, ọ̀pá pé, okùn méjì ló sọnù. Ṣé kí n ní kó bá yín pa á mọ́?

Ìyá_Àdùkẹ́ (Ìṣọlọ̀), Ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, kó pa á mọ́! Mò ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ẹ ti gbóòórùn rẹ̀ wò?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀_Èkó, Ọjọ́ Ẹtì, àárọ̀

Mo ti ki orí bọ̀ ọ́. Òórùn kàfúrà nìkan ni. Ẹ má sọ fún Bàbá Àdùkẹ́ pé èmi ni mo bá yín wá a o.